Ààlè Lẹ́nu Géètì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Sàdíátù jẹ́, ẹ má wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti dúdú kirikiri, oje ewé ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ọṣẹ kò rí i ṣe mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń já ewé eéran nínú igbó kan lẹ́yìn Alajue, lágbègbè Ẹdẹ, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ń kó o lọ sí ẹ̀bá títì ní Sekona, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń ti Ifẹ̀ wá rà á. Àwọn kan sọ fún un pé láílọ́ọ̀nù ni ayé ń lò báyìí. Ó ní kí wọ́n lọ jẹ ẹ̀kọ inú láílọ́ọ̀nù, kí wọ́n wá sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún òun.

Èmi ni Bùkọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, aládùúgbò rẹ̀. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, ìyẹn ló ṣe ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" náà kò dí i lọ́wọ́ rí láti sọ òótọ́ lójú mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n óò sì sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

Igbó Eléwé la ń pe igbó náà. Kò tóbi. Ẹni tó bá ń yára rìn yóò ti la ibẹ̀ já kí omi ẹ̀bà tó hó. Ṣùgbọ́n igi ńláńlá ṣì wà níbẹ̀, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ewé eéran kò fẹ́ oòrùn. Abẹ́ ibòji, nítòsí omi, ló ti ń hù dáadáa, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gé igi tó ṣíji bò ó, ó parí nìyẹn. Nítorí náà àwọn obìnrin tó ń já ewé níbẹ̀, méjìdínlógún ni wọ́n, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ ìwàásù nípa rẹ̀ lórí rédíò. Oúnjẹ wọn ni.

Lọ́dún kan, àwọn onígẹdú gbé máṣíìnì wá láti gé ìrókò kan tó wà létí odò yẹn. Sàdíátù kò pariwo. Ó jókòó ti ìdí igi náà, ó tú ẹ̀kọ àti àkàrà tó gbé wá, ó ń jẹ. Wọ́n ní kó dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń jẹun." Wọ́n dúró. Nígbà tó jẹun tán, ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ó ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó tún tú ẹ̀kọ mìíràn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́tàdínlógún yòókù ti wá jókòó yí i ká, kálukú pẹ̀lú ẹ̀kọ tirẹ̀. Àwọn onígẹdú gbé máṣíìnì wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìrókò náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní òfin tiwọn. Ewé tó bá ṣì ká, tí kò tíì là, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ewé ni, wọn kì í fà á tu. Wọ́n sì pín igbó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti já ewé ní apá kan tán, apá yẹn yóò sinmi fún oṣù méjì gbáko. Ààlè ni wọ́n fi ń tì í. Wọ́n á so ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán, ṣùkù àgbàdo àti bàtà ẹsẹ̀ kan mọ́ màrìwò, wọ́n á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọmọ Ẹdẹ tó máa rí i tí kò ní mọ ohun tó ń wí: nǹkan yìí ní olóhun, olóhun rẹ̀ kò sì tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe agídí kọjá ibẹ̀, kó gbó bí ìgbálẹ̀ yẹn.

Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí lórí ọ̀rọ̀ ààlè. Mo ní, "Ìwọ mùsùlùmí òdodo, tí kì í pa wákàtí márùn-ún jẹ, ìwọ náà lò ń so ìgbálẹ̀ kọ́ igi yẹn?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, ṣé ẹ kì í ti ilẹ̀kùn ilé yín? Ṣé ẹ̀ ń bọ àgádágodo ni? Àgádágodo tèmi nìyẹn."



Ọdún tó kọjá ni àwọn kan dé láti Èkó. Àjọ kan ni wọ́n, n ò ní dárúkọ wọn. Owó tí wọ́n ń ná kì í ṣe tiwọn. Àwọn ọlọ́rẹ kan nílẹ̀ òkèèrè ló ń dá owó jọ láti fi ran igbó àti àwọn tó ń jẹun nínú igbó lọ́wọ́, àjọ yìí ni wọ́n sì ń kó o fún pé kó bá wọn ṣe é. Ẹni tí àjọ náà rán sí wa ni Ìníolúwa, ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ mọ́, tí ohùn rẹ̀ tutù, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ìyá tó bá pàdé. A fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó bá wa.

Ó pe àwọn obìnrin eléwé jọ sábẹ́ igi kan ní Alajue. Ó ní kí èmi náà wá, torí mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó ya fọ́tò Sàdíátù níbi tó ti ru ìdì ewé, tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù ńlá kan sí itan, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló ni igbó yìí?"

Sàdíátù dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé: "Ọlọ́run ló ni ín o, ọmọ mi."

Gbogbo àwọn yòókù gbè é: "Ọlọ́run ló ni ín!"

Èmi náà mi orí. Kí ni wọn ì bá tún sọ? Tí ẹ bá rí ọmọ tó sanra lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ẹ sì béèrè pé ta ló ni ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run ló ni ín ni ìyá náà máa wí? Ìyẹn ò ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n Ìníolúwa tẹ nǹkan sínú fóònù rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó pín bisikíìtì fún wa, ó sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó kó ìwé dé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó nípọn. Àwọn obìnrin náà gbé e wá sí ilé mi pé kí n bá wọn kà á. Ẹ̀bi mi rèé. Mo ka ojú ewé kìn-ín-ní, mo ka èkejì. Ọ̀rọ̀ dídùn ló kún ibẹ̀: wọ́n máa dáàbò bo igbó, wọ́n máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin, wọ́n máa gba àwọn ọmọ wọn síṣẹ́. Ojú ń ro mí, lẹ́tà ìwé náà sì kéré bí iyọ̀. Mo pa á dé, mo ní, "Nǹkan rere ni. Ẹ tẹ̀ka." Èmi tí mo ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, tí mo máa ń na ọmọ tí kò bá ka ìbéèrè dópin! Tí mo bá rántí, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Àwọn mọ́kànlá tẹ̀ka lọ́jọ́ náà. Sàdíátù kò tẹ̀ka.

Ó ní, "Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọmọ yìí ò béèrè ohun tí a fẹ́. Ó kàn dé, ó ní òun fẹ́ fún wa."

"O máa ń fura jù," mo ní.

"Ẹ jẹ́ kí n fura, Tíṣà. Ìfura ò gba owó."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni Roqeebah, ọmọ Sàdíátù obìnrin. Ó ti jáde ní pólì láti ọdún mẹ́ta, ó wà nílé, kò ríṣẹ́. Ìníolúwa ti ṣèlérí pé àjọ náà máa gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ọ́fíìsì wọn nílùú. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, fáànù sì wà níbẹ̀. Ìka ìyá rẹ̀ nìkan ló kù.

Kí Sàdíátù tó pinnu, wọ́n ti ṣe é tán. Ó jí lọ sí igbó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó bá wáyà tí wọ́n fà yí gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n gbé géètì irin ńlá kan, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn, sí ẹnu ọ̀nà. Jibril, ọmọ Sekona tó máa ń bá a gbé ẹrù sínú mọ́tò tẹ́lẹ̀, ló wọ aṣọ ṣọ́jà-kì-í-ṣe-ṣọ́jà, tó dúró síbẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú," Jibril ní, "wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́."

"Èmi wá ni ẹnikẹ́ni?"

Jibril wolẹ̀. Sàdíátù yọjú láàárín wáyà. Apá tó ń sinmi, tó ku díẹ̀ kí ewé rẹ̀ pé, ni àwọn tó fa wáyà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀mùnú ewé ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá ààlè rẹ̀ títí, kò rí i. Jibril ló jẹ́wọ́ fún un pé Ìníolúwa ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà yẹn jọ, kí wọ́n sun ún. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Èkó ló sun ún. Jibril ní òun ò sí níbẹ̀ o, òun lọ sí ilé ìgbẹ́.

Ilé mi ni Sàdíátù gbà wá tààrà. Kò jókòó. "Tíṣà, ẹ mú ìwé yẹn, ẹ kà á dópin."

Mo wọ awò ojú mi, mo kà á. Ní ojú ewé kẹsàn-án ni mo ti bá a: wọ́n ní igbó náà jẹ́ ilẹ̀ tí kò ní olóhun, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin tó ń lò ó ṣe fi ẹnu ara wọn jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní àwọn tó bá tẹ̀ka ti gbà láti jáwọ́ nínú ewé jíjá títí láé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ìtìjú ò jẹ́ kí n lè wò ó lójú.

Ó wá ní, "Mo ní Ọlọ́run ló ni ín. Wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Ọ́fíìsì Ìníolúwa ló tún gbà lọ láti ilé mi, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí wa bó ti máa ń ṣe, ó fún wa ní omi tútù. Ó ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. A fẹ́ dáàbò bo igbó náà ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ àwọn tó ń bà á jẹ́ ni, Ìyá."

"Dárúkọ wọn fún mi."

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó yọ àpò ìwé funfun kan, ó rọra gbé e sórí tábìlì. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ Roqeebah ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti parí, kí ìyá kàn tẹ̀ka síbí, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti wà lẹ́yìn ilé, tuntun ni, wọn ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀.

Mo wo Sàdíátù. Ojú rẹ̀ lọ sára lẹ́tà náà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ni, kì í ṣe igi. Ó wá fi ìka rẹ̀ dúdú yẹn ti lẹ́tà náà pa dà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ dáa. Èmi ò mọ aṣọ rán. Bí mo bá gbé àdá fún ẹ, tí mo sì gba fóònù ọwọ́ ẹ, ṣé oore ni mo ṣe ẹ́?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Roqeebah kò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Ewé! Ṣé ewé ni kí n máa jẹ ni, Màámi?"

"Ewé lo jẹ!" ìyá rẹ̀ ní. "Ewé lo jẹ dàgbà. Ewé lo jẹ wọ pólì. Ta ló sọ fún ẹ pé nǹkan mìíràn ni?"

Roqeebah wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ni òun ń wá orúkọ àwọn ọlọ́rẹ òkèèrè yẹn lórí fóònù, kí òun lè kọ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má torí agídí ìyá òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó rí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ rí lójú òpó wọn ni ìyá rẹ̀, tó ru ìdì ewé, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà. Ó tún un kà. Ó wá jáde síta, ó ń pariwo orúkọ mi.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn obìnrin eléwé ló ni igbó yìí, pé àwọn ló ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́, pé owó táwọn ń fún wọn jẹ́ láti gbèjà ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun níbẹ̀ tí àwọn obìnrin náà kò bá fọwọ́ sí. Àwọn ọlọ́rẹ náà gbà á gbọ́. Ohun tí àjọ Èkó sọ fún wọn nìyẹn.

Sàdíátù gbọ́ ọ tán. Ó gba fóònù náà, ó wo fọ́tò. "Ṣé èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Wọ́n fi ẹ̀rín mi tọrọ owó. Wọ́n wá fi owó náà ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún. Sàdíátù kò sunkún. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Roqeebah jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọlọ́rẹ náà ní gẹ̀ẹ́sì. Ó ya fọ́tò wáyà àti géètì, ó ya ojú ewé kẹsàn-án, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ àjọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Kò sọ ọ́ jáde, àwa náà ò sọ ọ́.

A dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò dé. Dípò èsì, ìkéde la gbọ́: àjọ Èkó máa ṣí igbó náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aṣojú àwọn ọlọ́rẹ òkèèrè ń bọ̀ wá gé ríbọ́ọ̀nù lẹ́nu géètì. Mo ní ká dúró títí èsì yóò fi dé.

Sàdíátù ní, "A kì í dúró de èsì ká tó ti ilẹ̀kùn ẹni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, kí Jibril tó dé ẹnu iṣẹ́, a ti wà níbẹ̀. Sàdíátù ti ṣe màrìwò, ó gùn ju èèyàn lọ. Mo rò pé àwọn mọ́kànlá tó tẹ̀ka ò ní yọjú. Gbogbo wọn ló wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ìgbálẹ̀ àjẹkù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ méjìdínlógún la so kọ́ géètì irin yẹn, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo. Èmi náà mú bàtà ẹsẹ̀ kan wá, bàtà dúdú tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Bí pásítọ̀ bá bi mí, mo ti mọ ohun tí n óò wí: àgádágodo ni.

Jibril dé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i, ó fi ẹ̀yìn rìn pa dà, ó lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́hùn-ún. Àwọn tó gbé àga àti àtíbàbà wá sọ ẹrù wọn kalẹ̀ síta. Ìníolúwa dé, ó wọ kóòtù, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ tú nǹkan yìí!"

"Ọ̀gá," Jibril ní, "mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́rin."

"Ìgbálẹ̀ lásán ni! Èmi ò gba nǹkan báyìí gbọ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò gbà á gbọ́, ẹ ò ṣe kúkú tú u?"

Ìníolúwa na ọwọ́. Gbogbo wa ń wò ó. Ọwọ́ náà dé ìtòsí bàtà mi, ó dúró lófuurufú, ó sì pa dà sínú àpò. Ó yọ fóònù, ó gbé e sókè, ó ní òun ń wá nẹ́tíwọọ̀kì. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí ọkọ̀ aṣojú fi dé. Òyìnbó la ti ń retí. Obìnrin dúdú kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó wọ ìró àti bùbá. Fèyísọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì dúró gbọnyin nígbà tó rí ara géètì. Ó bọ́ awò dúdú tó fi bojú.

"Ta ló ni ààlè yìí?"

"Mà, ìdọ̀tí lásán ni," Ìníolúwa ní. "A máa kó o kúrò."

"Ìdọ̀tí kọ́. Ìlú Awo nítòsí ibí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi máa ń so ó sí oko gbágùúdá, mi ò sì jẹ́ kọjá rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ebi ti wù kó pa mí tó." Ó yíjú sí àwa obìnrin. "Lẹ́tà ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fèsì, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ẹ̀yin ìyá mi, ta ló ni igbó yìí?"

Ìbéèrè yẹn náà ni. Gbogbo ojú lọ sára Sàdíátù. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí ìyá mi náà kọ́ mi. Mo fẹ́ pariwo pé kó má sọ ọ́.

"Èmi ni," Sàdíátù ní. "Èmi àti àwọn obìnrin yìí. Ọlọ́run ló fún wa. Ìgbà tó ń fún wa, kò sí ẹnì kankan nínú yín níbẹ̀."

Fèyísọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní ìró rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ yín, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi, kí n wọlé wo ohun tí wọ́n ṣe, kí n lè ròyìn rẹ̀."

"Rárá."

Mo ta á nígbọ̀nwọ́. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Àwọn òṣìṣẹ́ yín tẹ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ máa sinmi fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó tún rí ẹsẹ̀ èèyàn. Àwa tí a ni ín, a ò ní wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ lówó, ẹ máa dúró."

Fèyísọ́lá wò ó, ó wo géètì, ó sì pa dà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọn ò gé ríbọ́ọ̀nù. Bí a ti ń lọ sílé, mo ní, "Sàdíátù, o ti lé owó náà lọ."

"Ṣé owó ló ń mú ewé hù ni, Tíṣà?"

Ọjọ́ kejìlélógún ni Fèyísọ́lá pa dà wá. Sàdíátù fúnra rẹ̀ ló tú ààlè, ó mú un wọlé, wọ́n jọ dé ìdí ìrókò. Nígbà tí wọ́n jáde, Fèyísọ́lá bi àwọn obìnrin náà ní ohun tí Ìníolúwa ò bi wọ́n: kí lẹ fẹ́? Mo rò pé wọ́n máa ní kí wọ́n kọ́ ilé fún wọn. Wọ́n ní agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ làwọn fẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́rẹ bá wọn sanwó kí ilẹ̀ náà wà nínú ìwé ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ béèrè olóhun lọ kà á níbẹ̀. Àwọn àgbà Alajue fọwọ́ sí i. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn tuntun, mo sì kà á sókè dópin lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Àjọ Èkó ti kó lọ. Roqeebah ríṣẹ́ ní Òṣogbo, iṣẹ́ tí kò tó èyí tó fi sílẹ̀, ó sì ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìwé ilẹ̀ náà ò tíì jáde. Ní gbogbo oṣù ni Sàdíátù ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe é, ó ń gbé ẹ̀kọ lọ.

Wọ́n ti tú wáyà náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé mi, mò ń sá aṣọ sí i. Ṣùgbọ́n géètì yẹn wúwo, kò sẹ́ni tó lè hú u, ó ṣì dúró níbẹ̀ lóun nìkan, láìsí ọgbà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ Jibril. Lánàá mo gba ibẹ̀ kọjá, mo fẹ́ já ewé díẹ̀ tí n óò fi pọ́n mọ́ínmọ́ín fún àlejò. Mo bá ìgbálẹ̀ àjẹkù kan tí wọ́n so kọ́ ara irin náà. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu lápá méjèèjì, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó lè rí mi. Mo dúró díẹ̀, mo sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.